Eku tí ó ní Sry, tí ó sì ní ilé ọmọ: àṣìṣe ọwọ́ ni, àbí ìran rẹ̀?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì mi lórí eku funfun inú yàrá ìwádìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo gé ṣóńṣó ìrù eku 16 láti yẹ DNA wọn wò, kí n lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo kí n tó là wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn gbé àmì Sry jáde kedere, èyí tí wọ́n kọ́ wa pé òun ni jíìnì akọ, tí ó wà lórí Y, ọ̀kan nínú àwọn kúrómósómù, ìyẹn okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì (akọ ní X kan àti Y kan, XY; abo ní X méjì, XX). Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ikùn rẹ̀, ilé ọmọ ni mo bá, pẹ̀lú ilé ẹyin ní apá òsì. Ohun tí ó wà ní apá ọ̀tún kò jọ ilé ẹyin, kò sì jọ kórópọ̀n. Ọ̀gá mi ní àṣìṣe ọwọ́ mi ni, kí n yọ eku náà kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun kà á pé ìran tí eku ti wá lè sọ ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ akọ di abo. Èwo ni kí n gbà? Bí Y bá ti wà níbẹ̀, kí ni ìran tún fẹ́ ṣe sí i?

* * *

Ọ̀kun o, àbúrò. Má ṣe yọ eku náà kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ, má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ kà kì í ṣe àhesọ. Ó ti lé ní 40 ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé kúrómósómù Y kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ bà, lè so kórópọ̀n nínú ìran eku kan, kí ó sì so ilé ẹyin nínú ìran mìíràn. Ọ̀gá rẹ náà kò sọ̀rọ̀ òfo, nítorí pé àṣìṣe ọwọ́ wọ́pọ̀ gan-an ju irú eku bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo takò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kí o yọ ọ́ kúrò. Ohun tí ojú rẹ rí, kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ìdí rẹ̀ ni a óò jọ wá.

* * *

Abẹ ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ṣé o pààrọ̀ abẹ láàrin ìrù kan sí èkejì? Ẹ̀jẹ̀ akọ tí kò tó orí abẹ́rẹ́ tó láti mú kí PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, pe abo ní akọ. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti bá ṣiṣẹ́ gbàgbọ́ pé bí àwọn bá ti fi sípírítì nu abẹ, ó ti parí. Sípírítì ń pa kòkòrò àrùn, kì í pa DNA run; bílíìṣì ni ó ń ṣe èyí, abẹ tuntun sì sàn ju méjèèjì lọ. Bí o bá ṣì ní ẹ̀dọ̀ eku náà, tún DNA yọ láti ara rẹ̀ dípò ìrù tí o gé lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, má fi Sry nìkan dájọ́. Àwọn jíìnì méjì kan wà tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, Kdm5c lórí X àti Kdm5d lórí Y, a sì lè fi práímà kan náà (ègé DNA kékeré tí ń tọ́ka ibi tí PCR yóò ti bẹ̀rẹ̀) mú àwọn méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà: lórí gẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ya ègé DNA sọ́tọ̀, abo a ní ìlà kan, akọ a ní ìlà méjì. Bí eku rẹ bá ní Sry láìní Kdm5d, ìtàn mìíràn ni a ó máa tọpa rẹ̀, bóyá ègé Y kan ni ó já lọ síbòmíràn. Bí ó bá ní méjèèjì, Y wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ó tún ku ọ̀kan tí àwọn ènìyàn máa ń fò. Eku kan lè jẹ́ àdàlù sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Y, tí àwọn yòókù sì ti sọ tiwọn nù nígbà tí ọlẹ̀ ṣì kéré. Irú eku bẹ́ẹ̀ lè ní ilé ẹyin láìjẹ́ pé ìran rẹ̀ lọ́wọ́ sí i rárá, nítorí náà ó yẹ kí o yẹ DNA ilé ẹyin náà fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ohun tí o bá ní apá ọ̀tún ni ó ṣe iyebíye jù lọ nínú gbogbo ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ. Bí o bá ti fi sínú fọ́málíìnì, o ṣe é re. Bí ó bá jẹ́ fìríìsà ni o gbé e sí, yìnyín yóò ti ba ìrísí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n má tìtorí èyí sọ ọ́ nù. Gé e pẹlẹbẹ, fi àwọ̀ kùn ún, kí o sì wò ó láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Má ṣe wo àárín rẹ̀ nìkan. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ yóò hàn níwájú.

* * *

Ẹnì kan nínú àwọn tí ó ka ìdáhùn yìí béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ "ìran" yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun kò rí i nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ òun ní kọ́lẹ́jì. Ó yẹ kí n sọ ọ́ ní kíkún.

Àwọn eku inú yàrá ìwádìí kì í ṣe èkúté inú àká. A pín wọn sí ìran, a sì ń dá ìran kan sílẹ̀ nípa mímú tẹ̀gbọ́n tàbúrò gùn ara wọn, láti òbí dé ọmọ, ní ìgbà 20 ó kéré tán, títí gbogbo wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà nínú DNA. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni C57BL/6, eku dúdú tí a sábà máa ń pè ní B6. C. C. Little ni ó dá a sílẹ̀ ní 1921, láti ara àwọn eku Abbie Lathrop, obìnrin kan tí ó ń sin eku tà ní Granby ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà.

Ní 1982, Eva Eicher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jackson Laboratory, ní ìlú Bar Harbor, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Wọ́n ti mú Y láti ara eku ìgbẹ́ kan tí ó wá láti àfonífojì Poschiavo ní Switzerland, wọ́n sì ń fà á wọ inú B6 díẹ̀díẹ̀: akọ tí ó ní Y yìí gun abo B6, ọmọkùnrin rẹ̀ tún gun abo B6, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn ọmọ ìdapọ̀ àkọ́kọ́, akọ jẹ́ akọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dá wọn padà sọ́dọ̀ abo B6, tí DNA B6 ń pọ̀ sí i yí Y náà ká, àwọn eku XY tí wọ́n ní ilé ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, pẹ̀lú àwọn aṣakọṣabo tí wọ́n ní ẹ̀yà méjèèjì. Y kan náà, nígbà tí wọ́n fi sínú ìran DBA/2J, so kórópọ̀n tí ó pé pérépéré.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìpínrọ̀ yẹn kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tí ó ba Y náà jẹ́. Nínú àfonífojì tí wọ́n ti mú un wá, akọ ni ó ń bí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni àwọn jíìnì tí ó wà lórí kúrómósómù yòókù, tí eku ní ìsọ̀rí 19 nínú wọn yàtọ̀ sí X àti Y. Àpapọ̀ wọn ni mo ń pè ní ìpìlẹ̀ ìran. Ní 1996, ẹgbẹ́ Eicher kan náà tọpa ibi mẹ́ta tí ìyàtọ̀ B6 àti DBA/2J ti wá, wọ́n sì bá wọn lórí kúrómósómù 2, 4 àti 5. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn lórí Y.

Mo ti rí àwòrán kókó ìbímọ (ohun tí ń di kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin nínú ọlẹ̀) láti ara irú ọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó tó ọjọ́ 14. Kórópọ̀n ọlẹ̀ máa ń ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ tí ó tẹ̀léra, bí ìlà aṣọ tí àwọn ìyá wa ní Bùnú ń hun. Ilé ẹyin kò ní ìlà. Ara rẹ̀ tẹ́jú, ó sì rí bákan náà látòkè délẹ̀. Nínú ti aṣakọṣabo, ìlà náà wà ní àárín, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ bá ti ń sún mọ́ ìpẹ̀kun méjèèjì, ìlà á máa parẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi tẹ́jú. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o má wo àárín nìkan.

Ohun kan tún wà tí ó ń tan àwọn tí kì í wo ọlẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn ìbí, apá ilé ẹyin inú irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rọ, apá kórópọ̀n á sì borí, eku náà á wá dàgbà di akọ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá ka àgbà eku nìkan yóò rò pé aṣakọṣabo kò pọ̀.

* * *

Èrò tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí mi ni pé Sry ni òpin ọ̀rọ̀, pé bí ó bá ti wà níbẹ̀, akọ dé. N kò bá wọn wí, nítorí pé ẹ̀rí ńlá wà lẹ́yìn èrò yìí. Ní 1990 ni wọ́n rí Sry, ní 1991 sì ni Peter Koopman, Robin Lovell-Badge àti ẹgbẹ́ wọn ní ìlú London fi ègé DNA kan tí ó gbé Sry, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 14,000, sínú ọlẹ̀ eku XX, eku náà sì dàgbà di akọ tí ó ń gun abo. Kò lè bímọ, nítorí pé X méjì kì í jẹ́ kí àtọ̀ dàgbà nínú kórópọ̀n, ṣùgbọ́n kórópọ̀n ni ó ní. Lẹ́yìn irú ẹ̀rí báyìí, ta ni kò ní sọ pé Sry nìkan tó?

Èmi kò gbà pé ó tó. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kókó ìbímọ ọlẹ̀ kò tíì mọ bóyá kórópọ̀n ni òun yóò dà tàbí ilé ẹyin, àwọn jíìnì apá méjèèjì sì ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ Sry ni láti jí jíìnì mìíràn, Sox9, kí ìyẹn sì máa bá iṣẹ́ lọ. Nínú eku, Sry bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 10 àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìdapọ̀, ó ga jù ní ọjọ́ 11 àti ààbọ̀, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ 12 àti ààbọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Àwọn olùwádìí ní Jápáànù fi hàn ní 2009 pé àkókò tí ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí gan-an kò ju nǹkan bíi wákàtí 6 lọ. Bí Sry bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ó lè pọ̀ tó bí ó ṣe fẹ́, Sox9 kò ní dìde dáadáa mọ́.

Gbogbo wa tí a ti wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Kàbà mọ bí èyí ṣe rí. Ọkọ̀ Lọ́kọ́jà tí ó bá ti kún kò ní dúró dè ọ́ nítorí pé owó ọkọ̀ rẹ pé. Nínú B6 tí ó gbé Y Poschiavo, Sry kò sọnù. Ó pẹ́ kí ó tó dé ni, ọkọ̀ ilé ẹyin sì ti ṣí.

Kí wá ni ó mú kí ọkọ̀ tètè kún nínú B6? Ní 2009 kan náà, ẹgbẹ́ Blanche Capel ní yunifásítì Duke fi kókó ìbímọ XY ti B6 wé ti ìran 129S1, wọ́n sì rí i pé kí ìpinnu tó wáyé rárá, àwọn jíìnì apá abo ti ń sọ̀rọ̀ sókè nínú B6 ju bí wọ́n ti ń ṣe nínú 129S1 lọ. B6 ti fì sí apá ilé ẹyin kí Sry tó wọlé. Y tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ń borí ìfì yìí, nítorí pé Y B6 kì í ṣe ti irú eku tí púpọ̀ nínú DNA rẹ̀ yòókù ti wá: Y rẹ̀ jẹ́ ti irú musculus ti apá ìlà-oòrùn, nígbà tí púpọ̀ nínú DNA rẹ̀ yòókù jẹ́ ti irú domesticus. Y Poschiavo jẹ́ domesticus, kò sì yá tó fún B6. Àwọn Y domesticus pàápàá kò rí bákan náà. Ti ìran AKR, nígbà tí wọ́n fi sínú B6, sábà máa ń fa ìfàsẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ nínú ọlẹ̀, akọ ni ó sì máa ń dà níkẹyìn.

* * *

Àgbẹ̀ kan láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ní òun ti lóye rẹ̀: ó ní ó dà bí èbù iṣu kan náà tí a gbìn sí ilẹ̀ dúdú àti sí ilẹ̀ olókùúta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àfiwé yẹn lè ṣì wá lọ́nà. Ilẹ̀ wà lóde ara iṣu. Ìpìlẹ̀ ìran wà nínú ara eku, ó sì ń ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wá gẹ́gẹ́ bí Y ti ń wá. Bí a bá fẹ́ fi iṣu ṣe é, ọ̀rọ̀ nípa irú iṣu tí a fi gba ìtànná ara wọn ni yóò jẹ́; kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Àfiwé ilẹ̀ yìí náà ni ó mú kí ẹlòmíràn béèrè bóyá ooru ilé ẹran wa, tí iná kì í sí láti fa afẹ́fẹ́, ni ó yí eku náà padà. Rárá. Ooru ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá kan, alángbá tí ó ń mi orí lórí ògiri ilé wa sì wà lára wọn: ní 1966, Madeleine Charnier fi hàn ní Senegal pé ìwọ̀n ooru tí ẹyin alángbá bá wà ń pinnu bóyá akọ ni yóò pa tàbí abo. Ọlẹ̀ eku wà nínú ikùn ìyá rẹ̀, ooru ara ìyá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́. Ibi tí mo ní láti rọ ọ̀rọ̀ mi díẹ̀ ni ti oúnjẹ. Ní 2025, àwọn olùwádìí ní Jápáànù fi hàn pé àìtó èròjà irin nínú ara abo eku tí ó lóyún lè dí Sry lọ́wọ́, tí díẹ̀ nínú àwọn ọmọ XY rẹ̀ á sì ní ilé ẹyin. Nítorí náà, kọ irú oúnjẹ tí o ń fún wọn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ewúrẹ́ sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa ju alángbá lọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìyàrà, ìyá mi àgbà ní òbúkọ kan tí kò ní ìwo, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í kan ọmọdé. Ó gun abo tí òun náà kò ní ìwo, abo náà sì bí ọmọ kan tí ó ní ọmú kéékèèké méjì bí abo, tí òórùn rẹ̀ sì jẹ́ òórùn òbúkọ nígbà tí ó dàgbà. Ó máa ń gbìyànjú láti gun àwọn abo yòókù, ṣùgbọ́n tí ó bá fẹ́ tọ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí abo ni. Àwọn ará àdúgbò ní kí wọ́n tà á kíá nítorí pé àmì ibi ni, wọ́n sì tà á. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó kà pé ní 2001, àwọn olùwádìí ní Faransé rí ègé DNA kan tí ó sọnù lára àwọn ewúrẹ́ tí kò ní ìwo. Bí ó bá ti ọ̀dọ̀ òbí kan wá, ewúrẹ́ kò ní hu ìwo. Bí ó bá ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá, abo XX náà á máa dà bí akọ. Kò sí Y níbẹ̀ rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òbúkọ tí kò níwo gun abo tí kò níwo. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún àwọn tí ń sin ewúrẹ́ nínú wa nìyẹn.

* * *

Mo padà sórí eku. Olùkọ́ kan kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ B6 àti Poschiavo jẹ́ ti àwọn tí ń ná owó ńlá lórí eku ní òkè òkun, pé eku funfun ni tiwa, "eku funfun, eku funfun ni". Ibí ni mo ti ní ìbínú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Funfun kì í ṣe ìran. Jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń sọ eku di funfun, èyí tí ó yẹ kí ó ṣe àwọ̀ dúdú ṣùgbọ́n tí ó ti bàjẹ́ lórí ẹ̀dà méjèèjì. Ní ilé ẹran kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n kun ògiri, wọ́n sì kó gbogbo àgò síta fún ọjọ́ mẹ́ta. Káàdì ara àgò kan bọ́, akọ dúdú kan sì wọ àgò àwọn abo funfun. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní àwọ̀, kò sí funfun kan nínú wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì dá wọn sí nítorí pé wọ́n lẹ́wà. Nígbà tí àwọn ọmọ náà gun ara wọn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ-ọmọ jẹ́ funfun, bí ó ti yẹ kí ó rí. Wọ́n kó àwọn funfun yìí padà sínú àgò funfun, wọ́n sì kọ orúkọ ìran àtijọ́ sí ara káàdì wọn. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ òtítọ́ síbẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, nǹkan bí ìdajì DNA àwọn eku "funfun" wọ̀nyẹn jẹ́ ti akọ dúdú náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ra eku lọ́wọ́ wọn ra ohun tí kò mọ̀.

Àbúrò, ìbéèrè mi sí ọ nìyí, ó sì ṣe pàtàkì ju èyí tí o bi mí lọ: láti ibo ni eku rẹ ti wá, kí ni wọ́n sì kọ sí ara káàdì? Àwọn ìran funfun kan wà tí Y wọn jẹ́ domesticus, AKR tí mo dárúkọ lókè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí irú Y bẹ́ẹ̀ bá bá ara rẹ̀ láàrin DNA tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti B6, a ní ìdí láti fura. N kò sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tìrẹ nìyẹn. Ìfura ni, DNA ni yóò dáhùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń sin eku takò mí níhìn-ín. Ó ní bí ènìyàn bá ti dá ọmọ padà sọ́dọ̀ ìran kan ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, ó ti di ìran yẹn. Ìṣirò kò gbè é. Ìdapọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gé ohun àjèjì sí ìdajì. Bí a bá ka ìdapọ̀ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ṣì kù, ìdí sì nìyí tí àṣà fi béèrè fún ìgbà 10. Ìdá 6 nínú 100 náà lè gbé ọ̀kan nínú àwọn ibi mẹ́ta Eicher dání láìsí ẹni tí yóò mọ̀.

* * *

Nọ́ọ̀sì kan ní Mọ̀pà béèrè pẹ̀lú ìṣọ́ra bóyá ọ̀rọ̀ yìí kan ènìyàn. Ó kàn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí a gbé eku lé ènìyàn lórí. Àpẹẹrẹ kan tó: ẹni tí ó pàdánù ẹ̀dà kan nínú méjì SOX9 rẹ̀ máa ń ní àìsàn egungun tí ó le, púpọ̀ nínú àwọn XY tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ni a sì bí pẹ̀lú ara obìnrin, eku tí ó pàdánù ẹ̀dà kan náà máa ń ní ti egungun, ṣùgbọ́n kórópọ̀n rẹ̀ ń dàgbà.

Síbẹ̀, a ti rí ìdílé tí bàbá àti ọmọ ní àyípadà SRY kan náà, tí bàbá jẹ́ ọkùnrin tí ó bímọ, tí ọmọ rẹ̀ XY sì jẹ́ obìnrin. Ẹ̀kọ́ eku ni ó jẹ́ kí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ yé wa. Nítorí náà, mámà nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá gbẹ̀bí ọmọ tí ẹ kò lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yára fún un ní orúkọ akọ tàbí abo kí ẹ lè tu ìyá rẹ̀ nínú, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án. Ẹ yẹ iyọ̀ ara rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé irú kan nínú ìṣòro yìí wà tí ẹ̀yà ara tí ó wà lórí kíndìnrín ń fà, ó sì lè pa ọmọ kíákíá. Kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ sọ fún ìyá pé kò jẹ ohun tí kò yẹ kí ó jẹ, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

* * *

Àbúrò, mo rí èsì rẹ: o lo abẹ tuntun, o yọ DNA láti ara ẹ̀dọ̀ àti ilé ẹyin, ìlà Kdm5c àti Kdm5d sì jáde nínú méjèèjì. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. O ní ọ̀gá rẹ ṣì fẹ́ kí o yọ ọ́ nítorí pé eku kan kò lè gbé orí ìwé dúró.

Òótọ́ ni pé eku kan kò tó láti fi sọ pé ìran ni ó fà á, má sì kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí o lè kọ nìyí: pé láàrin eku 16, ọ̀kan ní Y gẹ́gẹ́ bí jíìnì méjì ti fi hàn nínú DNA tí o yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ibi méjì lára rẹ̀, pé ó ní ilé ọmọ àti ilé ẹyin ní apá òsì, pé o ń yẹ apá ọ̀tún wò, àti pé a kò mọ ìran àwọn eku náà dájú. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀gá rẹ lè má fẹ́. Fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n, kúnlẹ̀ bí ó bá gba bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má fà á rẹ́, nítorí pé òun ni ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ yóò nílò jù.

O sọ pé bàbá eku náà ṣì wà láàyè nínú àgò kejì. Gé ṣóńṣó ìrù rẹ̀ lónìí kí wọ́n tó mú un fún iṣẹ́ mìíràn, kí a lè mọ irú Y tí ó gbé. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ó gun abo tí ó bí eku yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ka ọjọ́ láti òwúrọ̀ tí o bá rí èdídí, àtọ̀ akọ tí ó dì, lójú ara abo náà, kí o sì wo àwọn ọlẹ̀ ní ọjọ́ 14. Wá ìlà náà ní àárín kókó kọ̀ọ̀kan, kí o sì wo ìpẹ̀kun méjèèjì.